Dókítà Tó Ń Tọ́ Ilẹ̀ Wò

Ẹni tí kò bá mọ Dókítà Ọlásúnkànmí Adésànyà ní Àbújá, a jẹ́ pé olúwarẹ̀ kò gba àdúgbò Ìdú kọjá rí, tàbí kó jẹ́ pé ojú ń dùn ún. Àwòrán ọkùnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ga ju ilẹ̀kùn lọ. Nínú àwòrán yẹn, ó bu iyẹ̀pẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ó na tòsì sókè, bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún Ọlọ́run. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé: ILÉ-IṢẸ́ ILẸ̀-SỌJÍ. ILẸ̀ TÓ BÁ KÚ, Ẹ GBÉ E WÁ.

Iṣẹ́ tó ní òun ń ṣe kò burú rárá fún ẹni tó bá ń ṣe é. Bí àwọn awakùsà bá wa ilẹ̀ tán, tí wọ́n kó èédú inú rẹ̀ lọ, ẹnì kan ní láti padà wá tún ilẹ̀ náà ṣe, kí koríko lè hù, kí àgbàdo tẹ̀lé koríko, kí àwọn tó ni ín sì tẹ̀lé àgbàdo padà sílé. Ẹnì kan yẹn ni Dókítà ní òun jẹ́.

Oríkì tó fún ara rẹ̀ tó ọba mẹ́ta pín: Alátùn-únṣe Ilẹ̀, Oníṣègùn Erùpẹ̀, Ajíǹde Òkìtì, Baba Ilẹ̀-Sọjí. Bí o bá kí i láìdárúkọ méjì nínú rẹ̀, á bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹni tí ò ń kí ṣì ń bọ̀. Oyè dókítà rẹ̀, yunifásítì kan tí kò ní ògiri, tí kò sì ní òrùlé, ló fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Nígbà tí ẹnì kan bi í pé kí ló kà níbẹ̀, ó ní, "Mo ka gbogbo rẹ̀."

Bùkúnmi ni akọ̀wé rẹ̀. Ọmọ Òkun ni, láti ìwọ̀ oòrùn Kogí. Jíkwóyì ló ń gbé, kò sì sí ọjọ́ Ìsinmi tí wọn kì í bá a lórí ìjókòó kẹta ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló fi gbààwẹ̀ nítorí iṣẹ́. Ní ọjọ́ kejìlélógún, Dókítà, tó máa ń jókòó ní ìlà iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bùkúnmi, Ẹ̀mí ní kí n fún ọ níṣẹ́."

Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó jẹ́rìí níwájú ìjọ, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbà tó wọṣẹ́ tán ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá Ẹ̀mí gan-an ló sọ̀rọ̀, tàbí ẹni tó jókòó sí iwájú rẹ̀ nígbà tó ń gbàdúrà sókè ló kàn gbọ́ ọ. Ó máa ń lé ìrònú yẹn lọ. Ìrònú náà máa ń jókòó de é lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tó ń mú un ronú ni iṣẹ́ àràárọ̀ rẹ̀, tí kò sí nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó fọwọ́ sí. Ní àràárọ̀, á gún kúlíkúlí, á kù ú, á pò ó mọ́ ìyẹ̀fun kòkó àti ṣúgà, á bù ú sínú àwo tánganran funfun kan, á sì fi ọmọrí dé e. Lára àwo náà ni wọ́n ti fi létà aláwọ̀ góòlù kọ ọ́ pé: IYẸ̀PẸ̀ ÒKÈ-ÀRÀBÀ.

Ẹ má tíì béèrè ohun tí kúlíkúlí ń wá nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó ní bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Òkè-Àràbà jẹ́ abúlé kan ní ìhà Kogí, ìrìn wákàtí mẹ́rin sí Àbújá bí táyà kò bá jò. Ọdún méjìlá ni ilé-iṣẹ́ kan fi wa èédú níbẹ̀. Nígbà tí èédú tán, wọ́n kó ẹ̀rọ wọn lọ, wọ́n fi ihò sílẹ̀, wọ́n sì fi òkìtì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Òjò rọ̀ sórí òkìtì, omi tó ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀ pọ́n bí omi táńkì tó ti dípẹtà. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbìn síbẹ̀ á hù fún ọjọ́ mẹ́ta, á wá kú lọ́jọ́ kẹrin bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan.

Ìjọba ní kí ilé-iṣẹ́ èédú náà tún ilẹ̀ ṣe kí wọ́n tó lọ pátápátá. Ilé-iṣẹ́ èédú gbé iṣẹ́ náà fún Dókítà. Ìgbìmọ̀ kan ní Àbújá ni yóò yẹ iṣẹ́ ọ̀hún wò. Bí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí i pé ilẹ̀ ti sàn, tí àwọn onílẹ̀ náà sì tẹ ìka sí ìwé, ó parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tí yóò tún gbé ṣọ́bìrì kan lọ sí Òkè-Àràbà mọ́.

Aṣojú àwọn onílẹ̀ ni Màmá Mùfúlíátù, arúgbó obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá sí ọ́fíìsì ní Ìdú, ó tú etí ìró rẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, ó fi kan ahọ́n.

"Ó ṣì kan," ló wí.

Bí àwọn àgbẹ̀ ìlú wọn ṣe ń ṣe nìyẹn láti ayébáyé. Wọn kì í gbin nǹkan sí ilẹ̀ tí wọn kò bá tíì tọ́ wò. Ilẹ̀ tó bá kan lẹ́nu kò ní í bọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn àlejò mẹ́ta kan láti òkè òkun wà lórí ìjókòó lọ́jọ́ náà. Ẹnu yà wọ́n. Wọ́n yọ fóònù, wọ́n ń ya Màmá ní fọ́tò. Dókítà kò tilẹ̀ wo ohun tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Ojú àwọn tó ń wò ó ló ń wò. Láti ọjọ́ yẹn ni òun náà ti di ẹni tó ń tọ́ ilẹ̀ wò.

Ó kọ́kọ́ fi iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́nu ọ̀nà dán an wò, níwájú àlejò. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi lè jìnnà sí ilé ìyàgbẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin ló pe Bùkúnmi.

"Bùkúnmi, wá nǹkan tó jọ iyẹ̀pẹ̀ fún mi, tí kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀."

"Fún kí ni, sà?"

"Fún ìlọsíwájú orílẹ̀-èdè."

Bí kúlíkúlí ṣe di ilẹ̀ Òkè-Àràbà nìyẹn. Bí àlejò pàtàkì bá dé, Dókítà á ṣí àwo, á bu ṣíbí kan, á di ojú, á máa yí ẹnu bí ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ.

"Mo gbọ́ ìtọ́wò irin díẹ̀," á wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo gbọ́ omijé àwọn ìyá wa. Ṣùgbọ́n ìyè ti ń padà bọ̀. Àwọn àgbà ní ilẹ̀ ló ń jẹ èèyàn; èmi nìkan ni èèyàn tó ń jẹ ilẹ̀. Ahọ́n mi kì í purọ́."

Lóòótọ́, ahọ́n rẹ̀ kò purọ́. Adùn ni wọ́n gbé kà á, adùn ló sì ń gbọ́. Ẹnu tó yí ahọ́n ká ló níṣẹ́ irọ́.

Òkè-Àràbà fúnra rẹ̀, Dókítà kò débẹ̀ rí. "Ọ̀nà yẹn ò dáa," ló máa ń sọ. "Àti pé dókítà tó bá mọ iyì ara rẹ̀ kì í lọ bá aláìsàn nílé. Aláìsàn ni wọ́n ń gbé wá."

Ó wá gba ilẹ̀ kan ní Òrózò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbújá, ó kéde fún ìgbìmọ̀ pé òun ti fi ọkọ̀ kó iyẹ̀pẹ̀ Òkè-Àràbà wá síbẹ̀, òun sì ti wò ó sàn níbẹ̀, kí àwọn àgbààgbà má bàa ṣe wàhálà ìrìnàjò. Àwọn àgbààgbà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà gidi. Òrózò kò jìnnà. Èèyàn lè lọ wò ó kó sì padà wá bá oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ní gbígbóná.

Wàsíù, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń wa típà, ló mọ ibi tí iyẹ̀pẹ̀ náà ti wá. Etí odò tó wà lẹ́yìn Òrózò níbẹ̀ ni. Iyẹ̀pẹ̀ ọlọ́ràá ni, tó jẹ́ pé bí o bá gbàgbé bàtà síbẹ̀, ó lè ta ewé. Nígbà tó da ẹrù àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó họrí.

"Dókítà, èyí ò mà jọ ilẹ̀ tí wọ́n wa èédú nínú ẹ̀ o."

"Kí ni ò jẹ́ kó jọ ọ́?"

"Kò dúdú."

Dókítà ronú fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan. "Ra èédú."

Wọ́n ra àpò èédú igi lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á fún ẹlẹ́ran súyà. Wọ́n gún un lúbúlúbú, wọ́n pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ títí ilẹ̀ náà fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀ àti àgbàdo sí i. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé kò sí àìsàn tó ń ṣe ilẹ̀ ọ̀hún tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ hù, ó sì yọ ewé rẹpẹtẹ.

"Ẹ gbọ́, Dókítà," Wàsíù tún sọ, ó ń nu ojú tó ti dúdú, "ṣé kì í ṣe pé ẹni tí ara rẹ̀ le la wá ń kun lẹ́rùpẹ̀, ká lè sọ pé àwa la wò ó sàn?"

"Wàsíù, ìwọ ṣáà wa ọkọ̀."

Ọjọ́ àyẹ̀wò bọ́ sí Sátidé. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Bùkúnmi tẹ ìwé tí wọn yóò fọwọ́ sí. Ó ti tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ kó tó ka ohun tó ń tẹ̀: *Àwa onílẹ̀ gbà pé ilẹ̀ wa ti sàn pátápátá, a kò sì ní í béèrè àtúnṣe kankan mọ́ títí ayé.*

Ó wo "títí ayé" yẹn. Ó rántí ìyá arúgbó náà àti etí ìró rẹ̀. Kò pa á rẹ́; kì í ṣe òun ló ni ìwé. Ṣùgbọ́n kò jẹun ọ̀sán.

Ní àárọ̀ Sátidé, kó tó gún kúlíkúlí, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Olúwa," ló wí, "mo mọ̀ pé ò ń gbọ́. Mo rò pé ò ń gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dùn ọ́ bó ṣe dùn mí, ṣe nǹkan kan. Mi ò ní bá ọ yan èyí tí wàá ṣe. Ààrá á dáa."

Ó dúró díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìkan ló dáhùn. Lẹ́yìn náà ni fóònù dún. Dókítà ni.

"Bùkúnmi, fi ṣúgà kún tòní o. Àwọn tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀. Mo fẹ́ kí ojú mi máa tàn bí mo bá ń tọ́ ọ wò."

"Ṣé kí n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, sà?"

"Sọ ọ́ di mẹ́ta. Ta oyin lé e."

Ó ta oyin lé e.

Nígbà tí oòrùn yóò fi gòkè, Òrózò ti kún. Kánópì mẹ́rin, àga oníke, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń pariwo ju ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ. Alága ìgbìmọ̀, Alhaji Àbdùlsàmàd, ọmọ Ìlọrin tó ti pẹ́ l'Ábújá tó bẹ́ẹ̀ tí "Kai" fi máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, jókòó sáàárín. Bọ́ọ̀sì kan já àwọn obìnrin mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti Òkè-Àràbà. Màmá Mùfúlíátù ló sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn.

"Ẹ kú ìrìn, Màmá," Bùkúnmi kúnlẹ̀ kí i.

"Òkun o, ọmọ mi," ìyá náà fi ìkíni ìlú wọn dá a lóhùn. "Ọmọ ibo nìwọ?"

"Ọmọ Òkun náà ni mí, mà."

"Ọmọ Òkun, o sì rù báyìí? Ṣé wọn kì í bọ́ yín níbí ni?" Ó fọwọ́ gbá a léjìká. "Dìde. Ilẹ̀ ibí yìí dúdú jù fún ìkúnlẹ̀."

Lóòótọ́, orúnkún Bùkúnmi ti dúdú. Ó gbọn ọ́n, kò lọ.

Dókítà Adésànyà dé. Aṣọ funfun ló wọ̀, láti fìlà dé bàtà, léèsì tó ń tàn tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà níwájú ní láti fọwọ́ ṣíji bo ojú. Ó gba máìkì. Ó ní kí àlejò tó rí iṣẹ́, ó yẹ kí àlejò mọ òṣìṣẹ́. Ló bá yọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde, ojú-ìwé mẹ́rìnlá. Òun fúnra rẹ̀ ló kà á, nítorí pé ẹni tó kà á nígbà tó kọjá fo ìpínrọ̀ kan.

Ó ka bí wọ́n ṣe bí i. Ó ka ohun tí ìyá agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí rẹ̀ sọ nígbà tó rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ka bó ṣe yege láti kíláàsì kejì bọ́ sí ìkẹta. Nígbà tó dé ojú-ìwé kẹfà, kò tíì fi ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Alhaji Àbdùlsàmàd ti sùn, ó ti jí, ó ti tún sùn.

Níwájú gbogbo èèyàn, lórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé, àwo tánganran náà wà nínú oòrùn. Oyin inú rẹ̀ ti yọ́. Ẹ̀kán kan ti já bọ́ láti abẹ́ ọmọrí, ó ti ń ṣàn lọ sí etí tábìlì.

Bùkúnmi ló kọ́kọ́ rí i. Tanpẹ́pẹ́ kan ṣoṣo, dúdú, kékeré, ó ń gun ẹsẹ̀ tábìlì. Ó dé orí aṣọ funfun, ó tọ́ ẹ̀kán oyin wò, ó yíjú padà bí ẹni tó fẹ́ lọ sọ fún ará ilé. Kò pẹ́ tí ará ilé fi dé. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ láti abẹ́ kánópì, wọ́n gun ẹsẹ̀ tábìlì, wọ́n gba abẹ́ ọmọrí wọlé, láìsí ìwé ìpè.

Aṣọ ìnuwọ́ wà lọ́wọ́ Bùkúnmi. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni tábìlì jìnnà sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa nù ún, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ó dìde dé ààbọ̀.

Ó wá rántí pé ààrá ni òun béèrè ní àárọ̀. Ó wo ojú ọ̀run. Kò sí ìkùukùu kan níbẹ̀. Ó wo ìlà dúdú tó ń gun tábìlì. Wọ́n ti ní kí ọ̀lẹ lọ kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ èèrà láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn kò sọ pé èèrà lè wá bá ọ̀lẹ.

Ó tún jókòó. Ó ká aṣọ ìnuwọ́ náà sí mẹ́rin, ó fi lé itan.

"Ní báyìí," Dókítà wí nígbà tó ka ojú-ìwé mẹ́rìnlá tán, "ẹ ó rí ohun tí ojú yín kò rí rí. Iyẹ̀pẹ̀ Òkè-Àràbà rèé, lẹ́yìn ìtọ́jú. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ̀yin tẹlifíṣọ̀n."

Ó ṣí ọmọrí. Kò wo inú àwo. Kámẹ́rà ló ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó bu ṣíbí kan, ó kún dáadáa. Ó di ojú. Ó gbé e sẹ́nu.

"Mo gbọ́..." ló bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti wòlíì. "Mo gbọ́ ìyè. Ìyè wà níbẹ̀. Ó ń..." Ojú rẹ̀ là. "Ó ń rìn."

Tanpẹ́pẹ́ kò mọ dókítà. Èyí tó wà lórí ahọ́n bù ú jẹ, èyí tó wà lábẹ́ ahọ́n bá a dá sí i. Dókítà ń yí ẹnu, ó ń yí ọrùn, ó ń fẹsẹ̀ lulẹ̀. Àwọn kan rò pé ó wà lára ètò, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó fi ipá gbé gbogbo rẹ̀ mì.

"Ahọ́n mi," ló wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, "kì í purọ́."

Màmá Mùfúlíátù ti dìde. Ó rọra rìn dé ìdí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú àwo.

"Dókítà, ẹ má bínú. Kí ló wà níbí?"

"Ilẹ̀ yín ni, Màmá."

"Ilẹ̀ tiwa?" Ó tún wò ó. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ ihò yẹn, mi ò rí èèrà kan ṣoṣo kó rìn lórí òkìtì ibẹ̀. Wọ́n máa ń dé etí rẹ̀, wọ́n á gba ibòmíràn. Kí ni àwọn wọ̀nyí ń wá?"

"Ìyè ni wọ́n ń wá, Màmá. Mo ti wò ó sàn."

"Èèrà tiwa, adùn ló máa ń wá."

Alhaji Àbdùlsàmàd ti jí wàyí. "Kai. Ta ló gbé àwo yìí wá?"

Gbogbo ojú yí sí Bùkúnmi. Dókítà náà wò ó. Ojú yẹn ní iṣẹ́ nínú, ó ní owó oṣù nínú, ó sì ní Ẹ̀mí tó ń sọ̀rọ̀ láti ìlà iwájú nínú. Bùkúnmi dìde.

"Èmi ni, sà."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Kúlíkúlí ni, sà. Kúlíkúlí, ìyẹ̀fun kòkó, ṣúgà. Tòní ní oyin."

Láti orí típà rẹ̀ lọ́hùn-ún, Wàsíù ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Mo ti ń sọ pé òórùn ẹ̀pà ni mò ń gbọ́ látàárọ̀."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀ lábẹ́ kánópì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó gbé kámẹ́rà ń rẹ́rìn-ín débi pé kámẹ́rà ń mì. Dókítà gbé ọwọ́ sókè.

"Àpẹẹrẹ nìyẹn. Àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹ fi àwo sílẹ̀, ẹ wá wo oko. Ẹ wo ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe dúdú. Ṣé kúlíkúlí nìyẹn náà?"

Ó ṣáájú wọn wọ inú oko, ó bu ilẹ̀ ẹ̀kún ọwọ́ méjèèjì, ó gbé e sókè bó ṣe wà nínú àwòrán Ìdú. Màmá Mùfúlíátù tẹ̀lé e. Òun náà bu díẹ̀. Ó ra á láàárín ọwọ́ méjì, ó ní kí Bùkúnmi bu omi sí i. Dúdú ṣàn lọ. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ etí odò, ó rọ̀, ó sì dára. Ó fi kan ahọ́n.

"Ilẹ̀ yìí ò ṣàìsàn rí," ló wí. "Èédú ìdáná ni wọ́n kùn ún. Dókítà, ṣé ẹ gbọ́? Dúdú ni wọ́n kó lọ lọ́dọ̀ wa. Èyí tó pọ́n ni wọ́n fi sílẹ̀."

Alhaji Àbdùlsàmàd wo bàtà rẹ̀ tó ti dúdú. "Dókítà, o ti dé Òkè-Àràbà rí?"

"Nínú ẹ̀mí, Alhaji. Nígbà gbogbo."

Màmá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó tú etí ìró. Kókó méjì ló so síbẹ̀. Ó tú méjèèjì lé aṣọ funfun orí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí àkọ́kọ́ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó kúnná, ó mọ́ bíi gàrí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Èkejì ṣókùnkùn, ó rí jákujàku. Èèpo ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, ìgbẹ́ ewúrẹ́ wà nínú rẹ̀, ekòló kékeré kan sì yọrí, ó wo oòrùn, ó padà wọlé.

"Òkè-Àràbà ni méjèèjì ti wá," ló wí. "Ọ̀kan ti kú, ọ̀kan wà láàyè. Ẹ ní ahọ́n yín kì í purọ́, Dókítà. Ẹ bá wa tọ́ ọ wò. Bí ẹ bá mú èyí tó wà láàyè, èmi ni n ó kọ́kọ́ tẹ ìka sí ìwé yín."

Dókítà wo kámẹ́rà. Ó wo alága. Ó wo èkejì, ó rí ìgbẹ́ ewúrẹ́, ó rí ekòló. Ó rántí ìkòkò òdòdó àti ọjọ́ mẹ́ta. Ó wo èkíní, bó ṣe mọ́ tónítóní. Ọmọlúwàbí bíi tirẹ̀, èwo ni yóò mú?

"Ojú lásán ti tó fún dókítà gidi," ló wí, ó ti tún ń gba ohùn rẹ̀ padà. "Ìdọ̀tí kì í ṣe ìyè. Èyí ló wà láàyè. Ẹ wo bó ṣe mọ́."

Ó bu èyí tó pọ́n. Bóyá nítorí pé ó fẹ́ fi hàn pé ó dá òun lójú, ó bù ú púpọ̀. Ó jù ú sẹ́nu.

Bó ṣe kan tó kò ṣeé fẹnu sọ. Àgbàdo tí wọ́n bá gbìn sí i máa ń di ọjọ́ kẹrin kó tó kú; òun kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ètè rẹ̀ ká sínú, etí rẹ̀ gbéra sókè, eyín rẹ̀ ń kọ orin tí kò sí nínú ìwé orin. Ó tu ìtọ́ sí ọ̀tún, ó tu sí òsì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ẹnu, ọwọ́ tó fi bu ilẹ̀ onídùúdú. Ó nu imú. Ó nu àyà léèsì. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, irùngbọ̀n èédú ti yí ẹnu rẹ̀ ká, àwọn obìnrin mẹ́jọ tó kù sì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n di ara wọn mú kí wọ́n má bàa ṣubú.

"Inú ihò lèyí tẹ́ ẹ tọ́ wò yẹn ti wá," Màmá sọ fún un, ohùn rẹ̀ kò le. Ó yí sí àwọn ìgbìmọ̀. "Èyí tó dọ̀tí yẹn, àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yìí la ṣe é. A kó eérú láti ìdí ààrò wa. A kó ìgbẹ́ ewúrẹ́, a kó èèpo ẹ̀pà, a fi òkúta sé e kí òjò má wọ́ ọ lọ. Ọdún kìíní, gbogbo ohun tá a gbìn kú. Ọdún kejì, ó kú. Ọdún kẹta, a gbin òtílí, ó hù. Ọjọ́ kan la bá rí ekòló. Ọ̀kan péré. A pe gbogbo abúlé wá wò ó."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

"Kò ju yàrá méjì lọ," Màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ilẹ̀ tó kù, bí ojú ṣe lè rí i dé ni. Ọjọ́ orí mi kò lè tó o. Ìdí tá a fi ní kẹ́ ẹ wá nìyẹn. Dókítà yín wá lọ fi èédú kun ilẹ̀ onílẹ̀."

Alhaji Àbdùlsàmàd mú ìwé tí Bùkúnmi tẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó kà á dé "títí ayé". Ó fà á ya sí méjì, ó sì fi ìdajì nu bàtà rẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé," ló wí, "ìgbìmọ̀ ń lọ sí Òkè-Àràbà."

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ kùn pé ọ̀nà yẹn ò dáa.

"Kai. Ṣé àwọn ìyá yìí fò wá ni?"

Dókítà ti ń wá ọ̀nà jíìpù rẹ̀. Ó kọjá lára Bùkúnmi, ó dúró, ó gbìyànjú láti di ẹni ńlá padà pẹ̀lú irùngbọ̀n tó kùn yẹn.

"Bùkúnmi, Ẹ̀mí ní kí n gba iṣẹ́ mi padà."

"Ẹ bá mi kí Ẹ̀mí, sà."

Ó jókòó sẹ́bàá bọ́ọ̀sì lẹ́yìn náà. Ó ń ronú owó ilé ní Jíkwóyì, ó ń ronú ohun tí yóò sọ nígbà tí ìjọ bá bi í pé iṣẹ́ tó jẹ́rìí sí ńkọ́. Kò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ àdúrà òun ní àárọ̀, tàbí oyin lásán ni. Èèyàn lè wí báyìí, èèyàn sì lè wí bẹ́ẹ̀. Màmá Mùfúlíátù wá jókòó tì í, ó ń fi etí ìró nu ìka.

"O mọ ìwé kọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n kọ, mà."

"Àwọn èèyàn yẹn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Wá kọ èyí tí a máa fún wọn. A ò lówó o. A ní ẹ̀wà òtílí."

Bùkúnmi bojú wo tábìlì. Tanpẹ́pẹ́ ti kúrò nínú àwo. Wọ́n ń tò lọ sílé, kálukú pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ohùn kékeré, bóyá òun ló rán wọn tàbí wọ́n kàn ń kọjá. Lẹ́yìn náà ló wọ bọ́ọ̀sì.

Àwòrán gíga yẹn ṣì wà ní Ìdú títí di òní. Ṣùgbọ́n Dókítà kì í gba oríta Jíkwóyì kọjá mọ́. Ọjọ́ tó gbà á kẹ́yìn, jíìpù rẹ̀ dúró nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ, ìyá kan tó ń kiri kúlíkúlí yọjú sí fèrèsé, ó wò ó títí, ó wá rọra ṣí ọmọrí ike rẹ̀.

"Baba Ilẹ̀-Sọjí," ló kí i, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó péye, "ẹ bá mi tọ́ ọ wò. Wọ́n ní ahọ́n yín kì í purọ́."